Ọgbà màlúù kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́rin

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Èrèlé ọdún 2025 ni mo ra akọ màlúù mẹ́rin ní ọgbà kan tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kó wọn lọ sí oko mi lọ́nà Àjáàwà, mo sì bọ́ wọn títí ọdún Iléyá fi dé ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu. N kò fẹ́ kọ ohunkóhun nípa ọgbà náà kí n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí, nítorí pé ẹni tó ra màlúù lónìí kò tíì mọ ohun tó rà. Ìgbà tí ẹran bá ti jẹun lọ́dọ̀ rẹ fún oṣù mélòó kan, tí òjò ti pa á, tí àìsàn sì ti dán an wò, ni ìwà ẹni tó tà á fún ọ yóò tó hàn. Ó ti hàn sí mi báyìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, àti rere àti kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀.

Ọgbà náà kì í ṣe kára, ìyẹn ọjà màlúù ńlá. Ẹni tó bá ti dé Akínyẹlé ní Ìbàdàn rí mọ bí kára ṣe ń rí: ọkọ̀ àjàgbé ń já ẹran tó ti Òkè Ọya bọ̀, àwọn dìláálì, ìyẹn alágbàtà ẹran, ń fa oníbàárà lápá, ẹran tí o sì ń wò lọ́wọ́ lè di ti ẹlòmíràn kí o tó bá ẹni tó sìn ọ́ wá gbìmọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká ni ọgbà tí mò ń sọ yìí, igi máńgòrò ńláńlá ló ṣíji bò ó, ẹran inú rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ alápatà fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ni ín, ṣùgbọ́n bàbá Fúlàní kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájì ló ń mójú tó ẹran. Bàbá náà ti ń gbé ní gàá kan nítòsí ìlú yìí pẹ́ débi pé ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú Yorùbá rẹ̀. Ẹran tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń wà lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 kí wọ́n tó tà á. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń fún un lóògùn aràn, tí wọ́n ń fín oògùn eégbọn sí i lára, tí dókítà ẹran sì ń wá gún un lábẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí owó wọn fi ga díẹ̀ ju ti kára lọ, mo sì gbà láti san án, nítorí pé ọ̀pọ̀ àrùn tí ẹran bá kó nínú ọkọ̀ láti Sókótó tàbí Máídúgùrì kì í pẹ́ fara hàn. Bí yóò bá sì fara hàn, ó tẹ́ mi lọ́rùn kó jẹ́ ní ọgbà tiwọn ju kó jẹ́ láàárín ẹran tèmi.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà màlúù. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ra ẹran rí, màlúù ni màlúù, bí ó bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń dá a lówó. Alájì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni ojú mi ti bọ́ sára akọ pupa kan. Ó pupa bí osùn, ó ga ju àwọn yòókù lọ, ìwo rẹ̀ gùn ó sì nípọn, mo sì ti ń ṣírò lọ́kàn iye tí àwọn tó fẹ́ pa ẹran Iléyá yóò san lórí rẹ̀. Alájì béèrè ibi tí oko mi wà. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀nà Àjáàwà ni, létí odò, ó mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má ra èyí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí i sí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní gba ibi tí ẹ ń mú un lọ." Rahaji ni wọ́n ń pe ẹ̀yà yìí, àwọn mìíràn a máa pè é ní Bororo pupa. Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀bá aṣálẹ̀ ni, ó lè rin ìrìn ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti eṣinṣin ìhà ọ̀dọ̀ wa kò bá a lára mu, kò fi bẹ́ẹ̀ fara da koríko tí kò dára, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ bí a bá há a mọ́ ọgbà kékeré. Ẹran náà ló wọ́n jù nínú ọgbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó lè kọ̀ láti ta ẹran tó wọ́n jù lọ fún ẹni tó ti kó owó wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí gbogbo ohun tó ń sọ láti ìgbà náà lọ.

Bunaji ló pọ̀ jù nínú ọgbà wọn, gẹ́gẹ́ bó ti jẹ́ pé òun náà ló pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà. Òun ni màlúù funfun tí gbogbo wa mọ̀, tí etí, imú àti ẹ̀bá ojú rẹ̀ dúdú, tí ìwo rẹ̀ ká gùn lọ sókè bí apá obìnrin tó di igbá mú lórí. Àwọn Fúlàní ń fún wàrà rẹ̀, wọ́n sì ń ta akọ rẹ̀ fún ẹran. Kì í yan oúnjẹ púpọ̀, ó sì fara da àrùn tí tsetse, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, ń gbé kiri ju Rahaji àti Gudali lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá. Gudali ti Sókótó ni èkejì. Ìwo rẹ̀ kúkúrú, awọ ọrùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ gan-an, ara rẹ̀ kún, ó sì ní sùúrù débi pé ọmọdé lè fà á lókùn. Bí oúnjẹ bá wà, Gudali a máa sanra dáadáa, ojú rẹ̀ sì máa ń wu alápatà. Ẹ̀yà kẹta tí mo rí kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Keteku. Ó kéré sí Bunaji, iké rẹ̀ kò ga, òmíràn ní àmì dúdú àti funfun. Ọmọ tó ti àárín Muturu àti Bunaji jáde ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Muturu, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Màlúù kúkúrú ni, kò ní iké, ó sì ti wà nínú igbó ilẹ̀ wa kí màlúù oníké tó pọ̀ níhìn-ín. Ohun tó fi ṣe iyebíye ni pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í tètè pa á. Ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ràn lára N'Dama, màlúù aláìníké tó wá láti òkè Fouta Djallon ní orílẹ̀-èdè Guinea, èyí tí wọ́n ti sìn rí ní oko ẹran ọ̀sìn Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Keteku jogún díẹ̀ nínú ìfaradà yìí lọ́dọ̀ Muturu, ó sì jogún ìtóbi díẹ̀ lọ́dọ̀ Bunaji. Lójú tèmi, ẹni tí oko rẹ̀ bá wà létí odò tàbí nítòsí igbó kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀ nítorí pé kò ga.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn kọ ìwé fi àwòrán Angus hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó sì béèrè bóyá n ó fẹ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo dá a lóhùn pé n kò fẹ́. Angus ti ilẹ̀ Scotland, Hereford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Charolais ti ilẹ̀ Faransé jẹ́ ẹran tí wọ́n ti ń ṣà lẹ́ṣà láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹran ara wọn lè pọ̀, kí wọ́n sì tètè dàgbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ṣe é, oúnjẹ tó pọ̀ tó sì dára ni wọ́n fi ń tọ́ wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá, nígbà tí ooru àti eégbọn ìhà gúúsù wọn kò jẹ́ kí ẹran bẹ́ẹ̀ gbádùn, India ni wọ́n ti lọ wá màlúù oníké, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú Brahman jáde. Ẹni tí iké ti wà lára ẹran rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò nílò láti lọ ra ohun tí ojú ọjọ́ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ra Bunaji méjì, Gudali kan àti Keteku kan. Nípa yíyẹ ẹran wò, wọ́n fún mi láyè ju bí mo ti rò lọ. Alájì la ẹnu ẹran kọ̀ọ̀kan kí n lè rí eyín rẹ̀. Bí eyín àgbà méjì àkọ́kọ́ bá ti yọ ní iwájú ìsàlẹ̀, ẹran ti tó nǹkan bí ọdún méjì. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Bí mẹ́jọ bá pé, ó ti lé ní mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ eyín yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń bọ́ ẹran de Iléyá, nítorí pé màlúù tí a ó fi ṣe ọdún gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì, kò sì gbọ́dọ̀ fọ́jú, kò gbọ́dọ̀ yarọ, kò gbọ́dọ̀ ṣàìsàn. Wọ́n mú àwọn ẹran náà rìn níwájú mi, wọ́n jẹ́ kí n wo ìgbẹ́ wọn, kí n sì fi ọwọ́ kan ìhà wọn. Ẹran tó rù nítorí ebi yàtọ̀ sí èyí tó rù nítorí àìsàn: ojú ti ebi máa ń mọ́, imú rẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń sáré síbi koríko. Irú èyí gan-an ni ẹni tó fẹ́ bọ́ ẹran tà ń wá, nítorí pé ara rẹ̀ máa ń tètè kún padà bí oúnjẹ bá dé.

Àléébù kìn-ín-ní tí mo rí wà níbí. Ọgbà náà kò ní òṣùwọ̀n. Ojú ni wọ́n fi ń díye lé ìwúwo, wọ́n sì sọ pé ọ̀kan nínú Bunaji náà tó 320 kílò. Mo yọ tépù aránṣọ tí mo mú lọ́wọ́. Mo wọn àyà rẹ̀ yípo lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. Mo wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé egungun ìdí, ó jẹ́ 130. Bí a bá sọ 150 di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a fi 130 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a wá fi 10,838 pín in, a ó rí nǹkan bí 270 kílò. Ìṣirò yìí kò lè rọ́pò òṣùwọ̀n gidi, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òótọ́ ju ojú lásán lọ. Bí a bá sì rántí pé nǹkan bí ìdajì ìwúwo ẹran ló máa ń kù lẹ́yìn tí alápatà bá ti yọ orí, awọ, ẹsẹ̀ àti ìfun, 50 kílò tí wọ́n fi kún un yẹn jẹ́ kílò 25 ẹran tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ni ọgbà kò bínú, ó dín owó náà kù. Síbẹ̀, ọgbà tó ń tọ́jú ẹran tó báyìí yẹ kó ra òṣùwọ̀n, kí ẹni tí kò mú tépù lọ́wọ́ má bàa pàdánù.

Ní ti ìlera, wọ́n kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún ẹran kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ti àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ti anthrax. Ìwé mẹ́ta ló péye. Ti Keteku kò ní ọjọ́, mo sì ní láti pe dókítà ẹran fúnra mi kí n tó mọ ìgbà tí wọ́n gún un. Àléébù kejì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà, tí wọ́n lè máa fi imú kan ara wọn. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró inú èémí ló ń gbà, nítorí náà ọjọ́ 14 náà kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe bí àlàfo kò bá sí láàárín. Mo sọ èyí fún Alájì, ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ìtàn ọdún 1983, nígbà tí rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn màlúù, jà ní Nàìjíríà, tí àwọn darandaran ń fi òkú ẹran sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n tẹra mọ́ ló lé àrùn náà lọ, títí wọ́n fi kéde ní ọdún 2011 pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé. Ẹni tó rí irú ìyẹn kì í fi abẹ́rẹ́ ṣeré, mo sì gbà pé wọ́n ń gún un lóòótọ́. Àlàfo yẹn nìkan ni mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí àwọn ẹran náà dé oko, Gudali kò jẹun. Irun rẹ̀ dúró gàn-ùn gàn-ùn, omi ń dà lójú rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń dá dúró lẹ́yìn àwọn yòókù. Mo pe ọgbà náà láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ni Alájì àti dókítà ẹran ti dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àrùn eṣinṣin tsetse ni, èyí tí àwọn darandaran ń pè ní samore. Dókítà wọn ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú tépù kó tó fa oògùn diminazene sínú abẹ́rẹ́, nítorí pé oògùn tí kò tó ń kọ́ kòkòrò àrùn náà bí yóò ṣe máa yè é. Kì í ṣe ẹ̀bi ọgbà. Odò mi ló ní eṣinṣin. Wọn kò gba owó ìrìn àjò lọ́wọ́ mi, owó oògùn àti ti iṣẹ́ dókítà nìkan ni mo san. Fún èmi tí mo ti rí ibi tí ẹni tó ta ẹran kì í gbé fóònù mọ́ bí owó bá ti wọlé tán, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn tó fún mi láti máa padà síbẹ̀.

Wọ́n tún ń ta oúnjẹ ẹran, mo sì ra àpò mẹ́jọ. Oúnjẹ náà dára: èérí àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ohun tó ṣẹ́kù lára ẹkùrọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n kọ 25 kílò sí jẹ́ 22 nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n oko mi. Wọ́n fi àpò kan dí i fún mi nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pò ó fún wọn ló ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po tèmi pẹ̀lú ìlànà tí Alájì fún mi, òun ló sì dín ìnáwó mi kù jù lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèpo ẹ̀gẹ́ wà ní gbogbo ẹbu gààrí bí òkìtì. A kò gbọdọ̀ fún ẹran ní tútù rẹ̀, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀. A ó sá a sórí símẹ́ńtì nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi máa dún bí a bá ṣẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀ la ó sì fi bẹ̀rẹ̀, kí ó gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pọ̀, nítorí pé oúnjẹ onísítáàṣì tó bá wọ inú màlúù lójijì a máa mú kí inú rẹ̀ kan, kí ó sì wú. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní ohun tó ń mú iṣan dàgbà tó, ìdí nìyí tí a fi ń pò ó mọ́ ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún àti ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà gbígbẹ.

Ní ti ìwọ̀n, ohun tí màlúù ń jẹ lóòjọ́, bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò, máa ń tó 2.5 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Bunaji tó jẹ́ 270 kílò nílò nǹkan bí 7 kílò oúnjẹ gbígbẹ, èyí tó lè ju 25 kílò lọ bó bá jẹ́ koríko tútù bí eèsún. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí lítà 30, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà wọ́n mu ju 40 lọ lójúmọ́. Àwọn tó ń bọ́ ẹran níhìn-ín sábà máa ń náwó lórí oúnjẹ kí wọ́n tó ronú nípa omi, bẹ́ẹ̀ màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní jẹun.

Lẹ́yìn ọjọ́ 110, mo wọn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bunaji àkọ́kọ́ ti kúrò ní 270 dé 340 kílò, ìyẹn ju ìdajì kílò lọ lóòjọ́, èkejì sì sún mọ́ ọn. Gudali tó ṣàìsàn kúrò ní 285 dé 330. Keteku kúrò ní 190 dé 232, kò sì ṣàìsàn fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ta mẹ́ta fún Iléyá, mo sì dá Keteku sí.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni ibi ìgbẹ́ran sọ́kọ̀. Kò sí òkìtì tàbí pákó tí ẹran lè gùn wọ ọkọ̀. Okùn àti agbára ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n fi gbé wọn sókè, ọ̀kan nínú Bunaji mi sì fi ẹsẹ̀ ha irin, ó tiro fún ọjọ́ mẹ́rin. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ bí òkè kékeré, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dì lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ẹran tó jẹun tó sì mu omi yó, nítorí ikùn tó kún a máa fi kún ìwọ̀n. Kó mú tépù dání, kó sọ ibi tí oko rẹ̀ wà fún Alájì kó tó tọ́ka sí ẹran kankan, kó sì gba ìwé abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ wà lára rẹ̀ kó tó sanwó. Mo ti san àsansílẹ̀ lórí Bunaji méjì àti Keteku méjì fún oṣù Bélú, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.